Ẹ má fi ẹja du ẹni tí ọtí ti ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi lẹ́tà yìí síta nítorí àwọn ẹbí tó ní aláìsàn ẹ̀dọ̀ nílé, pàápàá ní Ẹ̀pẹ́ àti àwọn abúlé tó yí i ká. Ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe ohun méjì tó ń dá kún ikú: wọ́n á gba ọtí lọ́wọ́ aláìsàn lójijì, wọ́n á sì ní kó má fẹnu kan ẹran, ẹja àti ẹyin mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ọtí bẹ̀rẹ̀. Kò sí oògùn tó lè ṣe iṣẹ́ tí jíjáwọ́ nínú ọtí ń ṣe. Ọ̀rá tó kọ́kọ́ ń bo ẹ̀dọ̀ lè yọ́ dànù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà téèyàn bá jáwọ́. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti le, tó ti kún fún àpá, àpá náà kì í sábà lọ, síbẹ̀ ẹni tó jáwọ́ máa ń pẹ́ láyé ju ẹni tó ń mu ún nìṣó. Ẹ má sì gbà á bí ó bá ní ọtí inú ọ̀rá kéékèèké lásán lòun ń mu. Ọtí inú ọ̀rá 30 mílílítà tí agbára rẹ̀ jẹ́ 40 nínú 100, tó bá pé márùn-ún, ó ti tó ìgò bíà ńlá méjì.

Àmọ́ ẹni tó ti ń mu ún láàárọ̀ lálẹ́ fún ọdún pípẹ́, ọpọlọ rẹ̀ ti bá ọtí mọ́ra. Bó bá dá lójijì, ọwọ́ á máa gbọ̀n láàárín wákàtí 6 sí 24. Gìrì lè gbé e kí ọjọ́ méjì tó pé. Tó bá di ọjọ́ kejì sí ìkẹta, ó lè máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ara rẹ̀ gbóná, kó máa làágùn. Ibẹ̀ lẹbí ti ń sọ pé ayé ló ń ṣe é, tí wọ́n á dè é mọ́lẹ̀ nílé àdúrà. Ilé ìwòsàn ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti jáwọ́, níbi tí wọ́n á ti fún un ní oògùn tó ń dènà gìrì ní ìwọ̀n tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè gbà. Kí wọ́n sì fún un ní fítámì B1 ṣáájú gúlúkóòsì tàbí pẹ̀lú rẹ̀. Gúlúkóòsì nìkan a máa lo ìwọ̀nba B1 tó kù lára tán, ọpọlọ á sì bàjẹ́. Oògùn disulfiram, tó ń mú kí ọtí kọ èèyàn lára, tí àwọn kan ń bu sínú ọbẹ̀ ọ̀mùtí ní bòókẹ́lẹ́ ńkọ́? Òun fúnra rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló ń dùn wá jù. Ẹ̀dọ̀ tó ti le kò lè tọ́jú oúnjẹ pamọ́ mọ́, nítorí náà bí aláìsàn bá sùn mọ́jú láìjẹun, ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹni tí ara rẹ̀ le gbààwẹ̀ ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Iṣan ara rẹ̀ ni ara á máa jẹ. Ẹ wo èjìká rẹ̀ bó ṣe rù tí ikùn sì rí rọ̀bọ̀tọ̀: omi ló wà nínú ikùn yẹn, kì í ṣe ọ̀rá. Purotéènì, èròjà inú ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà tó ń gbé iṣan ró, tó nílò lójúmọ́ jẹ́ gíráàmù 1.2 sí 1.5 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Ẹni 60 kílò nílò 72 sí 90. Ẹyin méjì ní 12, ẹja 200 gíráàmù ní bí 40, àwo ẹ̀wà kan ní bí 16, mọ́ínmọ́ín tàbí mílíìkì á sì dí ìyókù. Ẹ̀pẹ́ tí àrọ̀ àti epìyà ti pọ̀ lọ́jà Olúwo ni ká ti máa fi ẹja du aláìsàn! Kí ẹja àti edé ṣáà jinná dáadáa. Kó jẹun díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin sí mẹ́fà lójúmọ́, kó sì jẹ nǹkan kí ó tó sùn, ì báà jẹ́ ògì àti àkàrà.

Iyọ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ dín kù bí ikùn bá wú: kó má ju ṣíbí ìmutíì kan tó ṣe rẹ́gí lọ fún odindi ọjọ́, pẹ̀lú èyí tó wà nínú màgí àti búrẹ́dì. Bí dókítà bá fún un lóògùn tó ń mú omi jáde, ẹ máa wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n láràárọ̀ lẹ́yìn tó bá tọ̀, kó tó jẹun. Bí ẹsẹ̀ kò bá wú, kó má fọn ju ìdajì kílò lọ lójúmọ́. Bí ẹsẹ̀ bá wú, kó má ju kílò kan. Tó bá yára jù bẹ́ẹ̀, kíndìnrín ló máa jìyà rẹ̀.

Oògùn lactulose kì í ṣe ti ìgbẹ́ gbígbẹ nìkan. Ó ń lé májèlé amóníà jáde kó má baà gun orí. Ìgbẹ́ rírọ̀ méjì sí mẹ́ta lóòjọ́ là ń wá. Ẹ má dá a dúró torí pé ó ń yàgbẹ́. Bó bá ju mẹ́ta lọ, ẹ dín in kù.

Ara ríro: ẹ yàgò fún diclofenac, ibuprofen, aspirin àti àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ. Wọ́n ń fa ìsun ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Parasitamọ́ọ̀lù sàn jù, ṣùgbọ́n kó má ju hóró 500 mílígíráàmù mẹ́rin lọ lójúmọ́.

Bó bá bì ẹ̀jẹ̀, tó ya ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, tó ń sùn lọ́sàn-án tí kì í rí oorun sùn lóru, tàbí tí ibà bá mú un pẹ̀lú ikùn tó wú, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ má sì sáré gba Ìkejà lọ ní tààrà: ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín jù lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé, kí wọ́n fa omi àti ẹ̀jẹ̀ sí i lára kí ẹ tó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè so iṣan tó ń ṣẹ̀jẹ̀.

Àwa òṣìṣẹ́ ìlera kan,
Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.