Ẹ̀sùn lórí ìrìnàjò wa sí Blackpool àti owó mi tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́ ìrìnàjò,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà kẹrin mi rèé. Àkọsílẹ̀ gbogbo wà lọ́wọ́ yín, n kò ní í tún un rò. Yàrá iwájú òkun ní Blackpool, ìlú ìgbafẹ́ etí òkun ní England, lẹ gbowó rẹ̀, ẹ̀yìn ìlú lẹ kó èmi, ìyá mi àtàwọn ọmọ sí.

Ohun tó ń dùn mí ti kọjá ti yàrá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pè, wọ́n ní kí n dúró di ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta ti kọjá. Nígbà tí mo pè lẹ́ẹ̀karùn-ún, ọkùnrin tó gbé e já lu ọ̀rọ̀ mi: "Bí Blackpool ṣe rí nìyẹn. Kí lo retí?" Ó ń fi "o" bá mi sọ̀rọ̀, ọmọ tí mo lè bí! Ó sì pa fóònù mọ́ mi létí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìlú onílùú bojú. Láti ìgbà tí rélùwéè ti dé ibẹ̀ ní 1846 làwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ òwú ní agbègbè Lancashire ti ń lọ gbatẹ́gùn níbẹ̀. Iná tí wọ́n tò sétí òkun gùn tó máìlì mẹ́fà. Ìyá mi dúró lábẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, kò lè sọ̀rọ̀. Lóòótọ́, a ò rìn jìnnà sẹ́yìn tá a fi bá àwọn ilé àlejò tí wọ́n fi pákó kan fèrèsé wọn pa, àtàwọn tí wọ́n ti gé sí yàrá kéékèèké fún aláìní. Ìṣirò ìjọba ní 2019 fi Blackpool ṣíwájú nínú ìṣẹ́ ní England. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sanwó. Ṣùgbọ́n ìyá onílé tí ẹ kó wa bá ló gbé hítà yàrá tirẹ̀ fún ìyá mi lóru. Òun náà ló sọ fún mi pé ohun tẹ́ ẹ san fún òun kò tó ìdajì ohun tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ mi. Ìṣẹ́ àdúgbò yẹn lẹ fi jèrè, ẹ tún wá ń fi bú mi.

Ẹ dá ìyàtọ̀ owó náà padà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí ọkùnrin yẹn sì kọ̀wé bẹ̀ mí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé ẹjọ́ yá. Èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wa tó fẹ́ bá yín lọ lọ́dún tó ń bọ̀. N kò ní í fọwọ́ sí i.

Ẹ má pè mí mọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Oníbàárà yín, láti Leeds