Kí Ẹ Tó Béèrè Ibi Tí Ẹran Wà: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Ọdẹ àti Apẹja ní Minnesota

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú òtútù o. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ẹlòmíì nínú yín ń fi ṣọ́bìrì wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde lábẹ́ yìnyín bí ẹni ń wa iṣu. Ọlọ́run yóò mú wa la ti ọdún yìí náà já.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní kò pọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó kí mi dáadáa bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ibi tí àgbọ̀nrín máa ń gbà kọjá sàmì sórí máàpù." Mo ní kò burú, kó wá bá mi ní Sátidé. Mo ní a fẹ́ lọ tún ilé pẹ́pẹ́yẹ ṣe lórí adágún, pé tí a bá parí, màá mú un rìn yí igbó náà ká. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, mo ti san owó láísẹ́ǹsì ọdẹ. Ìyẹn ti di iṣẹ́ ìjọba."

Inú kò bí mi. Ohùn ara mi ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí èmi náà ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn nígbà tí mo dé ìpínlẹ̀ yìí ní 1991. Nílé wa, tí wọ́n bá ti pe ilẹ̀ kan ní ilẹ̀ ìjọba, ohun tí etí wa ń gbọ́ ni pé ilẹ̀ náà kò ní baba. Ẹni tó bá rí gẹdú níbẹ̀ kó gé e. Ẹni tó bá rí ẹran kó yìnbọn. Ẹni tó bá sì gbé oògùn olóró wá sódò láti fi pẹja, ojú lásán la máa fi wò ó.

Bẹ́ẹ̀ ọdẹ ni bàbá mi n'Ígbòho, kò sì hu irú ìwà yẹn rí. Ó mọ igbó tí a kì í wọ̀, ó mọ odò tí a kì í dẹ̀, kò sì sí agbófinró kankan tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin tó bá ti dé igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo yóò ti rí i: a kì í pẹja nínú odò yẹn, a kì í yìnbọn nínú igbó yẹn, ìdí nìyẹn tí igbó ńlá fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú títí UNESCO fi wá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé wọn ní 2005. Èmi ni mo fi ìwà ilé sílé nígbà tí mò ń wọ bàálù.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ọdún kejì tí mo ra ìbọn, mo lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní WMA, ilẹ̀ tí ìpínlẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún ẹran ìgbẹ́, tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ láìsan kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹyẹ pheasant ni mo wá, èyí tó dà bí àparò tí ìrù rẹ̀ gùn. Mo yìnbọn púpọ̀, mo pa ẹyọ kan. Nígbà tí mo padà sídìí ọkọ̀ mi, bàbá òyìnbó kan tí orí rẹ̀ ti funfun ń bọ̀ lẹ́yìn mi pẹ̀lú àpò ọ̀rá lọ́wọ́. Ìkarahun kátíríìjì mi ló ṣà kún inú rẹ̀, gbogbo èyí tí mo yìn tí mo sì fi sílẹ̀. Ó nà án sí mi, ó ní, "Ó jọ pé o gbàgbé ẹrù." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá fún mi ní pélébé ìwé kan tí ọjọ́ àti aago wà lórí rẹ̀: wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ náà ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ìtìjú ló gbé mi lọ, kì í ṣe ìfẹ́ igbó.

Èmi àti àwọn bíi 15 la pàdé níbẹ̀. Ọdẹ ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn kan jẹ́ apẹja. Wọ́n gbé ayùn àti kọfí wá. Igi kan ni a bá jà títí di ọ̀sán, buckthorn lorúkọ rẹ̀. Àwọn tó ti Yúróòpù wá ló gbé e dé ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn láti fi ṣe ọgbà yí ilé ká, ó bá fò wọ inú igbó. Ẹ rántí ewé tí wọ́n ń pè ní Akíntọ́lá nílé, bó ṣe gba oko mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́. Irú rẹ̀ gan-an ni. Bí a ṣe ń gé e tí a ń wọ́ ọ, ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo: ọ̀wẹ̀ mà lèyí! Ọ̀wẹ̀ tí bàbá mi máa ń bẹ̀ tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé kò sí onílé tó bẹ̀ wá, igbó ló bẹ̀ wá. Kò sì sí àmàlà níbẹ̀, ìyẹn dùn mí díẹ̀. Ìgbà kejì mo gbé àkàrà lọ, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń béèrè mi tí mi ò bá wá.

Ẹ̀yin tó ń sọ pé owó láísẹ́ǹsì ti tó, owó yẹn ṣe pàtàkì, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ní 1934 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta òǹtẹ̀ tí ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ gbọ́dọ̀ rà, dọ́là kan nígbà náà, 25 dọ́là lónìí, ilẹ̀ àbàtà ni wọ́n sì ń fi owó rẹ̀ rà. Ní 1937 òfin kan tún jáde: owó orí tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn ọdẹ àti ọta ń san kí ọjà tó dé ṣọ́ọ̀bù, 11 nínú 100 lónìí, kó máa lọ sórí ẹran ìgbẹ́. Ní 1950 irú òfin bẹ́ẹ̀ kan ọ̀pá ìpẹja. Àwọn ọdẹ fúnra wọn wà lára àwọn tó jà fún un, nítorí ojú wọn ti rí nǹkan. Ẹyẹlé igbó kan wà ní Amẹ́ríkà tó máa ń fò ṣú bo oòrùn. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn kú sínú àgò ní Cincinnati ní 1914.

Ẹ wá wo ibi tí owó àti òógùn ti pàdé. Nínú owó ìbọn yìí, tí ìjọba àpapọ̀ ní Washington bá fẹ́ mú dọ́là mẹ́ta wá, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ mú dọ́là kan sílẹ̀. Wákàtí tí olùkọ́ ọ̀fẹ́ bá fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìlànà ìbọn, ìpínlẹ̀ lè ṣírò rẹ̀ mọ́ dọ́là tirẹ̀. Ẹni tó jókòó sínú gbọ̀ngàn tútù ní ìrọ̀lẹ́ Tuesday, tó ń fi han ọmọ ọdún 12 bí a ṣe ń yọ ọta kúrò nínú ìbọn, owó ló ń rọ. Nítorí náà, níbikíbi tí wọ́n bá gbé ìwé wá pé kí ẹ kọ orúkọ àti wákàtí yín, ẹ kọ ọ́. Ẹ má sọ pé ẹ kò wá ṣe àṣehàn.

Tòlótòló igbó tí ẹ ń rí tó ń dá ọkọ̀ dúró láàárín títì, ṣé ẹ rò pé ó wà níbí látilẹ̀ ni? Wọ́n ti pa á tán ní Minnesota kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1973 ni wọ́n kó 29 wá láti Missouri, wọ́n tú wọn sílẹ̀ ní igun gúúsù ìlà oòrùn ìpínlẹ̀ yìí. Lónìí wọ́n ju 70,000 lọ.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ilé pẹ́pẹ́yẹ, èyí tí ọmọ yẹn fi rẹ́rìn-ín. Pẹ́pẹ́yẹ kan wà tí kì í yé ẹyin sílẹ̀, inú ihò igi ló ń yé e sí. Wood duck ni wọ́n ń pè é, akọ rẹ̀ sì lẹ́wà bí ẹni tó ró sányán lọ síbi ìyàwó. Nígbà tí wọ́n gé àwọn igi ńlá tó ní ihò, tí ìbọn sì tún dà bo ó, díẹ̀ ló kù kó parun. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ń fi pákó kan àpótí, a ó lu ihò sí i, a ó gbé e sórí òpó létí omi. Ẹyẹ yìí kì í kó koríko wọlé, nítorí náà àwa la máa ń da èérún pákó sí i nínú. Lọ́dọọdún, kí ìgbà ìrúwé tó dé, a gbọ́dọ̀ kó tọdún tó kọjá dànù ká da tuntun sí i. Oṣù kejì ló dáa jù, nítorí adágún ti dì, ẹsẹ̀ la fi ń rìn lọ síbi tí ọkọ̀ ojú omi ì bá ti gbé wa dé. Tí omi tó dì kò bá tó íńṣì 4 ní nínípọn, ẹ má gun orí rẹ̀, ẹni yòówù kó máa pè yín.

Nígbà tí a bá ṣí àpótí, èèpo ẹyin ló ń sọ ìtàn fún wa. Tó bá jẹ́ awọ ẹyin tó gbẹ bíi bébà la bá, àwọn ọmọ pa, wọ́n sì lọ láyọ̀. Tó bá jẹ́ ẹyin tó fọ́ yángayànga, raccoon ti dé ibẹ̀, olè òru tó kun ojú ní dúdú. Nígbà náà a ó fi páànù ṣe fìlà sára òpó kó má lè gùn ún mọ́. Ọjọ́ kejì tí ọmọ bá pa ni ìyá rẹ̀ yóò dúró sínú omi nísàlẹ̀, yóò máa pè, àwọn ọmọ yóò sì máa bẹ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè, bíi ẹ̀kùrọ́ tó ń já bọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ojú mi ti kòó rí, ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń da èérún pákó. Mi ò yìnbọn lọ́jọ́ náà, mo sì gbàgbé láti jẹun.

Iná ńkọ́? Ẹ̀yin ọmọ Òkè-Ògùn mọ̀ pé lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ọdẹ a máa tiná bọ ìgbẹ́ kí ẹran lè sá jáde. Níbí, wọ́n ń tiná bọ pápá kó lè yè. Gbòǹgbò koríko ibẹ̀ jìn nílẹ̀, iná kò lè débẹ̀. Igi tó fẹ́ jẹ gàba lórí koríko ló ń jóná. Kò tó 2 nínú 100 tó kù nínú pápá tí òyìnbó bá níbí. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ iná ló ń mú un dání o, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣáná sápò. Àwa tó kù, a máa ń lọ ká èso koríko nígbà ìwọ́wé kí wọ́n lè gbìn ín padà.

Àwọn ọdẹ wọ̀nyí náà ló kóra jọ síwájú ilé aṣòfin ní St. Paul ní 2005, wọ́n ní ilẹ̀ àbàtà ń tán lọ. Ní 2008, nígbà tí ọrọ̀ ajé ń dojú dé, àwọn ará Minnesota dìbò pé kí wọ́n fi owó orí kún ọjà àwọn fúnra wọn, sẹ́ǹtì 37 àti ààbọ̀ lórí ọjà 100 dọ́là, títí di 2034. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ń lọ sórí igbó, pápá àti ibùgbé ẹja. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ra tẹlifíṣọ̀n ní Mall of America, ẹ ń dá nínú rẹ̀.

Ilẹ̀ gbogboògbò kò sì ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Ní oṣù kìíní 2017, aṣòfin kan láti Utah, Jason Chaffetz, gbé àbá wá pé kí wọ́n ta mílíọ̀nù 3.3 éékà ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní ìpínlẹ̀ 10. Ariwo tí àwọn ọdẹ àti apẹja pa kò jẹ́ kó sùn. Kí oṣù kejì tó rìn jìnnà, ó ti kó àbá rẹ̀ nílẹ̀. Ní 2025 irú rẹ̀ tún yọjú ní ilé aṣòfin àgbà, òun náà tún wọlẹ̀ ní oṣù kẹfà. Mo wà lára àwọn tó pe aṣòfin lórí fóònù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti bó nídìí ilẹ̀ kan mọ bí a ti ń fi ìbínú pe aṣòfin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí a kì í sọ níta. Mo mọ ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ yín lẹ́rù: ọmọ dúdú tó gbé ìbọn lọ́wọ́ nínú igbó ìgbèríko. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ti ojo. Ẹ wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn, ẹ mú láísẹ́ǹsì dání, ẹ má dá nìkan lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni àwọn Sátidé wọ̀nyẹn. Àwọn ará abúlé náà ti rí mi tí mo ń wọ́ igi kí wọ́n tó rí mi tí mo gbé ìbọn. Lónìí, tí ọkọ̀ mi bá wà létí igbó, wọn á fọn fèrè kí mi.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ méjì lẹ ń ṣe, pé ẹ ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ láti ilé ìwòsàn àti ilé ẹrù. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, tó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin apẹja tí kò lè wá rárá, ẹ yọ ìdérí ọkọ̀ ojú omi yín kí omi rẹ̀ dànù kí ẹ tó kúrò létí adágún, òfin ni. Ìṣáwùrù abilà (zebra mussel) tí ẹ bá gbé lọ sí adágún mìíràn kò ní padà kúrò níbẹ̀ mọ́. Ẹ fi òjé tí ẹ ń so mọ́ okùn ìwọ̀ sílẹ̀ nílé pẹ̀lú, loon, ẹyẹ orí adágún, ń gbé e mì, ó sì ń pa á.

Ẹ̀yin tó wà nílé tó ń ka èyí, ẹ má wò ó bí ọ̀rọ̀ òyìnbó. Ní igbó Ọmọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn tí erin ṣì wà, ní igbó Ìsẹ̀ ní Èkìtì tí ìnàkí ṣì wà, àwọn ọdẹ àná wà lára àwọn tó ń ṣọ́ igbó lónìí. Ta ni ìbá tún mọ ipasẹ̀ ẹran tó wọn?

Ìwọ ọmọ tó fi ohùn ránṣẹ́, mi ò dárúkọ rẹ, ìwọ náà mọ ara rẹ. Aago méje àárọ̀ Sátidé ni mò ń kúrò nílé. Irin tí a ń so mọ́ bàtà kí yìnyín má baà yọ̀ wá wà nínú ọkọ̀ mi, méjì ló ṣẹ́ kù: nọ́ńbà 9 àti nọ́ńbà 11. Fi nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ ránṣẹ́ kí ẹlòmíì tó gbà á.

Èmi ni bàbá yín,
Ọmọ ọdẹ Ìgbòho, ní St. Paul