Gọ́ọ̀mù yín ti bàjẹ́ kí n tó ṣí i

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́ gọ́ọ̀mù, ẹ kú iṣẹ́ o.

Kubwa ni mò ń gbé, mi ò kí ń ṣe kápẹ́ńtà, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe, pákó ni mo fi ń najú ní wíkẹ́ńdì nínú gáréèjì mi. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn mo ra gọ́ọ̀mù funfun yín tí a fi ń lẹ pákó, kẹ́ẹ̀gì lítà 4, ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ kọ orúkọ yín gàdàgbà sí lára ní Dei-Dei, ìta ni wọ́n to gbogbo ẹ̀ sí, nínú oòrùn Máàṣì Abuja, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án, ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ lórí iná. Mo ní ṣé kò ti bàjẹ́ báyìí, ẹni tó ń tà á ní "ba matsala", kò sí wàhálà lédè Haúsá. Ó yẹ kí n ti fura, ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Mo délé mo ṣí i, ó ń fà bí ilá, ó tún ń rùn kíkan. Mo pe nọ́mbà tó wà lára kẹ́ẹ̀gì, ọmọbìnrin tó gbé e ní kí n bu omi sí i. Ha! Èyí tó kàn ki díẹ̀, omi díẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́, èyí tó ti ń fà, ó ti lọ nìyẹn. Mo ṣáà gbọ́ràn, mo fi lẹ ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó kan, mo tún lẹ àgékù pákó méjì pọ̀ láti dán an wò, mo fi kíláǹpù dè wọ́n mọ́jú. Ọjọ́ kejì, ọwọ́ lásán ni mo fi ya àgékù yẹn, ojú lílẹ̀ gan-an ló ti já, ó mọ́ tónítóní, kò sí èérún pákó kankan tó bá a wá. Gọ́ọ̀mù gidi kọ́, torí pákó ló máa ń kọ́kọ́ ya kí gọ́ọ̀mù gidi tó jọ̀wọ́. Àpótí yẹn ńkọ́? Ìyàwó mi ló jókòó lé e, ọpẹ́lọpẹ́ ògiri.

Mo wá wo ìdí kẹ́ẹ̀gì bóyá màá rí déètì, bébà ni wọ́n lẹ̀ bò ó, mo fi èékánná họ ọ́ títí (gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ bébà yẹn lágbára ju tinú kẹ́ẹ̀gì lọ jàre), déètì tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti lé lọ́dún mẹ́ta.

Èmi tí mo ní ìgò kékeré ti ilé iṣẹ́ míì, inú yàrá ni mo gbé e sí, mo máa ń nu ẹnu ẹ̀ kí n tó dé e pinpin, ó ti lé lọ́dún kan, ó ṣì ń ṣàn. Ẹ ní kí wọ́n kó ọjà yín kúrò nínú oòrùn, kí ẹ sì bá mi bi wọ́n ta ló lẹ bébà yẹn.

Rìsíìtì mi wà lọ́wọ́. Owó mi ni mo fẹ́ o, mi ò fẹ́ kẹ́ẹ̀gì míì.

Èmi oníbàárà yín, Kubwa.