Lẹ́tà sí ọmọ mi nípa àkùkọ tí ìrù rẹ̀ wọ́

Ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, àánú rẹ sì ṣe mí. Adájọ́ yọ àkùkọ rẹ kúrò nínú ìdíje ẹwà adìẹ nítorí ìrù rẹ̀ wọ́ sápá òsì. O wá ń bi mí bóyá o lè kó àwọn àgbébọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́dún yìí náà, pé àwọ̀ rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Má ṣe é.

Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí. Irú adìẹ tí wọ́n ń pè ní Leghorn ni mò ń sìn nígbà tí o ṣì kéré. Mo ní àkùkọ kan tí ìyẹ́ rẹ̀ funfun báláú, ṣùgbọ́n ẹ̀ka kékeré kan tí kò ju orí ìṣáná lọ hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ogbe rẹ̀. Mo ní, ta ni yóò rí i? Lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ bí, n kò rí nǹkan kan, inú mi dùn. Lọ́dún kejì, mo so ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà pọ̀ mọ́ àbúrò rẹ̀. Nínú òròmọdìẹ 17, ẹ̀ka yẹn yọ lórí 6. Ọdún 4 ni mo fi lé e jáde nínú agbo mi.

Ohun kan náà, ìyẹn ohun tó fara pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ló mú kí o máa bínú sí ẹni tó ta adìẹ Wyandotte fún ọ. O ní ogbe òbí méjèèjì tẹ́ pẹlẹbẹ, àmọ́ àwọn ọmọ kan jáde pẹ̀lú ogbe tó dúró ṣánṣán, tó ní eyín bí ayùn. Ẹni náà kò rẹ́ ọ jẹ. Ogbe pẹlẹbẹ ló ń borí. Adìẹ tó gba pẹlẹbẹ lọ́dọ̀ bàbá, tó gba oléyín lọ́dọ̀ ìyá, pẹlẹbẹ nìkan ni ojú rẹ yóò rí lórí rẹ̀. Bí irú méjì bẹ́ẹ̀ bá wá pàdé, nǹkan bí ọmọ 1 nínú 4 ni yóò gbé oléyín jáde. Láti 1883 tí Wyandotte ti wọ ìwé òṣùwọ̀n àwọn ará Amẹ́ríkà, tó ń sọ bí irú adìẹ kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ rí, pẹlẹbẹ ni wọ́n ń béèrè, nítorí náà má gbé oléyín lọ síbi ìdíje. Ṣùgbọ́n má pa gbogbo wọn jẹ o! Àkùkọ tó gba pẹlẹbẹ lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, àtọ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Ẹyin tí kò lọ́mọ nínú ni yóò pọ̀ lábẹ́ adìẹ rẹ. Mú àgbébọ̀ oléyín kan tí ara rẹ̀ pé, fi í pamọ́ fún ìbísí.

Ní ti ìrù, bí mo ṣe ń wò ó nìyí. Gbé àkùkọ sílẹ̀ níbi tó tẹ́jú, má dì í mú, jẹ́ kó rìn. Dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí o máa wò ó láti ọrùn bọ̀ sí ìdí, bí ẹni ń wo okùn tí a ta. Ojú ìlà egungun ẹ̀yìn ni ìrù gbọ́dọ̀ wà. Adìẹ tí ẹ̀rù ń bà lè yí ìrù, nítorí náà má wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Wò ó láàárọ̀, wò ó lálẹ́ nígbà tó bá ti bà lórí igi. Bó bá jẹ́ apá kan náà ló ń wọ́ sí ṣáá, egungun ni. Lẹ́yìn náà, na apá rẹ̀ bí ẹni ń ṣí abẹ̀bẹ̀. Bí àlàfo bá wà láàárín àwọn ìyẹ́ gígùn iwájú àti ti ẹ̀yìn, tí ìyẹ́ kankan kò dí i, yọ òun náà.

Èyí tí ẹnu rẹ̀ lọ́ tàbí tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́, o lè yọ ọ́ kúrò ní kékeré. Àwọ̀ àti ìdúró kò rí bẹ́ẹ̀. Òròmọdìẹ tó rẹwà jù ní ọ̀sẹ̀ 8 lè di ẹni tí o kò ní fẹ́ fi hàn àlejò ní oṣù 7.

Kí o tó kó ẹyin ìbísí jọ, yọ àkùkọ àtijọ́, kí o sì dúró ọ̀sẹ̀ 3 ó kéré tán. Àgbébọ̀ máa ń tọ́jú àtọ̀ sínú ara. Ẹyin tó yé lọ́jọ́ kẹwàá lè jẹ́ ti ẹni tó ti lọ. Kọ ọjọ́ sára ẹyin pẹ̀lú pẹ́ńsù. Bí àwọn òròmọdìẹ bá jáde nínú ẹyin ní ọjọ́ kọkànlélógún, dá ihò kékeré sí awọ tó wà láàárín ìka ẹsẹ̀ wọn, kí o lè mọ ọmọ ta ni ta ni, kí o sì kọ ọ́ sínú ìwé. Má gbára lé orí rẹ. Èmi náà gbára lé tèmi rí, mo so ẹ̀gbọ́n mọ́ àbúrò láìmọ̀.

O ní àkùkọ yẹn ní àbúrò méjì tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá àti ìyá kan. Wo ìrù wọn bí mo ṣe sọ. Bí ó bá tilẹ̀ tọ́, àgbébọ̀ tí kò bá wọn tan ni kí o fún wọn, kí o wo ọmọ wọn kí o tó fọkàn tán wọn. Fi nọ́ńbà òrùka ẹsẹ̀ wọn ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀gbọ́n wọn ńkọ́? Kò pọn dandan kí o pa á. Jẹ́ kó máa kọ lágbàlá, níbi tí kò ti ní rí àgbébọ̀ gùn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ