Dígí Tí Ó Jọ Páìpù

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo dé ibi tí o ti sọ pé o rí àwòrán dígí Chandra, awò awọ̀nà-jíjìn tí ń fi X-ray wo ọ̀run láti òkè afẹ́fẹ́, tí o wá ń béèrè irú dígí tí èyí jẹ́, tí kò nísàlẹ̀, tí ó jọ páìpù, tí ènìyàn kò sì lè fi wo ojú ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ rárá. Inú rẹ̀ gan-an ni gbogbo wàhálà iṣẹ́ yìí wà, nítorí náà jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá ọ lóhùn.

Ìtànṣán X-ray tí ń ti ojú ọ̀run wá kò yàtọ̀ sí èyí tí dókítà fi ń wo egungun. Agbára tí ó fi ń gba inú ẹran ara kọjá náà ni kò jẹ́ kí dígí lásán lè dá a padà: bí o bá gbé dígí kò ó lójúkoojú, yóò wọnú rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni yóò sì parẹ́ sí. Afẹ́fẹ́ tí ó yí ayé ká pàápàá ń gbé e mì kí ó tó kan ilẹ̀, èyí tí ó dára fún ẹ̀mí wa, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kọjá afẹ́fẹ́. Ní ọdún 1962, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Riccardo Giacconi, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé ẹ̀rọ sókè fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n sì rí ohun kan tí ń tan X-ray yòò láti ìhà àwọn ìràwọ̀ Scorpius. Ẹ̀rọ ọ̀hún kò ní dígí kankan. Ṣe ni ó kàn ń ka ìtànṣán bí ó ti ń bà á, bí ẹni tí ó di ojú tí ó ń ka ẹ̀kán òjò tí ń bọ́ sí i lára: ó mọ̀ pé òjò ń rọ̀, kò sì rí ìkùukùu.

Wá ṣe nǹkan kan fún mi. Gbé ìwé funfun kan sórí tábìlì, tan fìtílà sí òdìkejì rẹ̀, kí o wá tẹ̀ ba títí ojú rẹ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tábìlì náà dọ́gba. Ìwé tí kò dán rárá tẹ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dán gbinrin. Ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe fún X-ray. Òkúta pẹlẹbẹ tí o bá jù sínú odò tààrà yóò rì, ṣùgbọ́n èyí tí o bá fi fẹ́ ojú omi, tí ó kàn fara kan án bí ó ti ń kọjá, yóò ta sókè, yóò sì máa lọ. Bí X-ray bá fẹ́ ojú wúrà tàbí irin olówó iyebíye tí a ń pè ní iridium, tí a ti dán dáadáa, tí igun tí ó fi bà á kò ju nǹkan bíi dígírì kan lọ, yóò ta padà.

Hans Wolter, ará Jámánì, ni ó fi hàn ní ọdún 1952 pé bí a bá to ojú dígí méjì tẹ̀ léra, tí àkọ́kọ́ tẹ̀ ní ìrísí parabola, tí èkejì sì tẹ̀ ní ti hyperbola, ìtànṣán tí ó bá fẹ́ méjèèjì yóò pàdé lójú kan, àwòrán rẹ̀ yóò sì já gaara. Awò tí a fi ń wo ohun kékeré ni ó ní lọ́kàn. Kò ro ti ìràwọ̀ rárá. Giacconi àti Bruno Rossi ni wọ́n dábàá ní ọdún 1960 pé kí a kọjú irú rẹ̀ sí ọ̀run.

Ìdí nìyí tí ó fi jọ páìpù, ọ̀rẹ́ mi. Ara ògiri inú ni dígí wà. Ìtànṣán ń gba ẹnu kan wọlé, ó ń fẹ́ ògiri lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń gba ẹnu kejì jáde. Ṣùgbọ́n wo ìyà tí ó wà níbẹ̀: bí o bá wo páìpù yìí láti iwájú, òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan péré ni ó lè gba ìtànṣán, gbogbo àárín rẹ̀ ṣófo. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ki páìpù kékeré bọ inú ńlá, bí ife tí a kó sínú ara wọn. Ti Chandra, tí ó gbéra ní oṣù Keje ọdún 1999, jẹ́ ìpele mẹ́rin. Èyí tí ó tóbi jù fẹ̀ tó mítà 1.2, mítà mẹ́wàá sí ẹ̀yìn sì ni ìtànṣán ti ń pàdé. Wọ́n dán an débi pé gbágungbàgun tí ó kù lójú rẹ̀ kò ju ìwọ̀n átọ́ọ̀mù mélòó kan lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìtànṣán yóò kàn fọ́n káàkiri ni.

Àwọn tí ó ṣe XMM-Newton, awò X-ray mìíràn tí òun náà gbéra ní ìparí ọdún 1999, gba ọ̀nà mìíràn. Awò mẹ́ta ni ó ní, páìpù 58 sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó fẹ́lẹ́ jù kò nípọn tó ìdajì mìlímítà. Ta ni yóò dán inú ohun tí ó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ tí kò ní tẹ̀? Wọn kò dán an. Mọ́ọ̀dù tí páìpù yóò gba ìrísí rẹ̀ ni wọ́n dán, láti ìta, níbi tí ọwọ́ ti lè dé. Wọ́n fi wúrà bò ó, wọ́n rì í sínú omi oníkẹ́míkà tí iná mànàmáná ń gbà kọjá títí nickel fi lẹ̀ mọ́ wúrà náà, lẹ́yìn náà wọ́n jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tutù. Mọ́ọ̀dù tí a fi alumíníọ̀mù ṣe máa ń súnkì ju nickel lọ, nítorí náà páìpù náà yọ kúrò lára rẹ̀ wọ́ọ́rọ́, ó sì mú wúrà àti dídán rẹ̀ lọ. Mo ti mọ èyí tipẹ́, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Àmọ́ kò sí ohun tí a jèrè tí a kò san nǹkan lé. XMM-Newton ń kó ìtànṣán púpọ̀ ju Chandra lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò mú tó ti Chandra, tí dígí rẹ̀ nípọn, tí ó wúwo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù kan, tí ó sì lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ bí àlàfo wọn tilẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 7,200 dígírì kan. Ní tèmi, ojú tí ó mú ni mo fara mọ́. Láti ìgbà rọ́kẹ́ẹ̀tì ọdún 1962 ni a ti mọ̀ pé X-ray bàìbàì kan bo gbogbo ojú ọ̀run bí ọyẹ́. Nígbà tí Chandra tẹjú mọ́ ojú kan fún ọjọ́ pípẹ́, púpọ̀ jù lọ nínú ọyẹ́ náà yà sí ẹyọ ẹyọ, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ihò dúdú ńláńlá tí ń gbé ohun tí ó yí wọn ká mì láàárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí ó jìnnà réré.

Dígí tí ó dára jù náà ní ewu tirẹ̀. Kété lẹ́yìn tí Chandra dé òkè ni wọ́n rí i pé àwọn proton, èérún inú átọ́ọ̀mù, tí ó pọ̀ nínú àmùrè ìtànṣán tí ó yí ayé ká ń fẹ́ dígí náà bí X-ray ti ń ṣe, wọ́n sì ti ba kámẹ́rà jẹ́ díẹ̀. Láti ìgbà náà, kí ó tó wọ àgbègbè yẹn, wọ́n á ti yẹ kámẹ́rà kúrò lójú ọ̀nà.

Ní báyìí, àwọn ará Yúróòpù ń múra awò kan tí wọ́n pè ní NewAthena. Pẹlẹbẹ silicon, irú èyí tí a fi ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ń la ojú ihò tín-ín-rín sí lára, tí wọ́n sì ń tò léra wọn, kí ó lè fẹ̀ kí ó sì fúyẹ́. Ohun tí mo ń ṣọ́ ni bí ojú rẹ̀ yóò ṣe mú tó. Dán ti ìwé àti fìtílà yẹn wò lálẹ́, kí o sì kọ ohun tí o bá rí ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.