Sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Iléṣà Tí Ẹ Fẹ́ Kọ Ìtàn Àròsọ Nípa Ọ̀run

Ẹ̀yin ọmọ Ọwá,

Ẹ kú làákàyè, ẹ kú ìrònú. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń béèrè bí a ṣe ń kọ ìtàn nípa ohun tó wà lẹ́yìn ikú. Ìdáhùn wa kì í sábà dùn mọ́ yín: ẹ dín ọ̀run kù, ẹ jẹ́ kí ayé pọ̀ níbẹ̀. Bí ìwé bá jẹ́ orí 24, kí ọ̀run má gbà ju mẹ́jọ lọ. Òpó wúrà, òkùnkùn biribiri, adájọ́ onírùngbọ̀n funfun, òǹkàwé ti rí gbogbo wọn nínú fíìmù. Ohun tí kò tíì rí ni ọ̀run tí ẹnì kan ti ń wá onígbèsè rẹ̀ kiri.

Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ mú òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ àwìn ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ẹ fi Ògèdèǹgbé, jagunjagun Ìjẹ̀ṣà, sílẹ̀ fún àwọn òpìtàn. Akọni kò ṣòro kọ. Bàbá tó ru aṣọ kúrò ní Iléṣà, tó tà á láwìn ní ìlú onílùú, tó ń padà lọ gba owó díẹ̀díẹ̀, tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde, òun ló ṣòro. Kí ẹ tó kọ ìlà kan, ẹ kọ ọ̀rọ̀ bàbá yìí kún nóòtù kan: iye ọ̀pá aṣọ tó rù, ẹni tó jẹ ẹ́, iye tó kù, ọmọ tó ń sunkún nínú ilé nígbà tó lóṣòó, èéfín ààrò tó ń ta á lójú. Láìsí èyí, bó bá kú, kò ní rí nǹkan kan rántí. Ìwàásù lẹ ó wá fi dí àlàfo náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìwé yín ti ń kú mọ́ ọn.

Ẹ ṣọ́ owó dáadáa. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà dé. Bàbá tó kú ní 1958, pọ́n-ún, ṣílè àti kọ́bọ̀ ló mọ̀: kọ́bọ̀ 12 ni ṣílè kan, ṣílè 20 ni pọ́n-ún kan. Bí onígbèsè rẹ̀ bá kú ní 1985, tó wá fẹ́ fi náírà san án, ìjà dé nìyẹn. Ṣílè 10 ni wọ́n fi pààrọ̀ náírà kan láyé, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá wọn ṣẹ́ ẹ lọ́run? Odidi orí kan ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀rín àti ẹkún pọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ ṣòfin ọ̀run; ojú ìwé kan tó. Ṣé òkú ń rí ayé? Ṣé ebi ń pa á? Ṣé ó ń dàgbà? Ẹ má yí òfin padà ní orí 19 torí pé ìtàn há mọ́ yín lọ́wọ́. Níbi ìsìnkú, a máa ń sọ fún òkú pé kó má jẹ ọ̀kùn, kó má jẹ ekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kó bá wọn jẹ. Wọn ò sọ oúnjẹ náà. Ẹ̀yin lẹ máa sè é. Bàbá tó ti padà wá di Babátúndé, a ṣì ń lọ pè é lójú oórì. Àṣà wa gba méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nínú ìtàn béèrè, kí òǹkàwé má baà rò pé ẹ gbàgbé ni.

Àkúdàáyà dùn ún gbọ́, ó le í kọ. Ó lè fẹ́yàwó, kó bímọ ní ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bí ará ilé rẹ̀ àtijọ́ bá ti fojú kàn án, ó pòórá. Ní 1958, ìròyìn lè pẹ́ kó tó ti Kánò dé Iléṣà. Lónìí, àwòrán ìkómọ kan lórí Facebook ti tú àṣírí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Yálà kí ẹ gbé ìtàn náà sí ayé ìgbà tí kò sí fóònù, tàbí kí fóònù gan-an jẹ́ ohun tó máa lé e lọ.

Bí ẹ bá parí, ẹ ka orí kìíní sí etígbọ̀ọ́ oníṣòwò aṣọ kan ní ọjà Àtakúnmọ́sà. Bó bá bá yín jiyàn lórí ọ̀pá aṣọ, ẹ tún un kọ. Bó bá jẹ́ lórí ọ̀run ló ti bá yín jiyàn, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwa àgbà yín ni.