Ẹ̀yin olùdíje ẹgbẹ́ kékeré, ẹ yé fi igbákejì ṣe àwòkọ ẹgbẹ́ ńlá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Bí ìdìbò Ààrẹ bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ igbákejì ló máa ń gba ojú ewé ìwé ìròyìn kan. Ta ni ẹgbẹ́ yìí máa mú? Ṣé Mùsùlùmí ni àbí Kristẹni? Ṣé ọmọ Àríwá ni àbí ọmọ Gúúsù? Àwọn ẹgbẹ́ ńlá méjì tàbí mẹ́ta ni gbogbo ariwo yìí ń bá wí. Àwọn tí èmi fẹ́ bá sọ̀rọ̀ nínú lẹ́tà yìí ni àwọn tí oníròyìn kì í sábà bi ní ìbéèrè, ìyẹn àwọn olùdíje ẹgbẹ́ kéékèèké, tí kò sí ẹni tó gbà pé wọ́n lè wọlé. Mo ti ṣe akọ̀wé wọ́ọ̀dù fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì ti jókòó ṣe aṣojú rẹ̀ ní ibùdó ìdìbò títí wọ́n fi ka ìbò tán. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára.

Ẹni tí olùdíje bá mú ní igbákejì ni ìpinnu ìjọba àkọ́kọ́ tó máa ṣe lójú gbogbo ayé. Fún ẹni tí kò ní wọlé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìkan ló máa ṣe. Kí ló dé tó fi máa ń lo àǹfààní kan ṣoṣo yẹn láti farawé àwọn tó ń bá jà?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí òfin wí. Abala 142 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé olùdíje fún ipò Ààrẹ kò tíì di olùdíje tòótọ́ àfi bó bá mú ẹlòmíràn látinú ẹgbẹ́ kan náà tí yóò ṣe igbákejì rẹ̀. Ẹni náà gbọ́dọ̀ kún ojú òṣùwọ̀n kan náà tí wọ́n là sílẹ̀ fún Ààrẹ: kó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí nípa ìbí, kó ti pé ọmọ ọdún 35 (40 ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó dín in kù ní 2018), kó sì ti kàwé dé ìwọ̀n ìwé mẹ́wàá ó kéré tán. Kò sí ibì kankan nínú abala náà tí wọ́n ti ní kó jẹ́ ẹlẹ́sìn mìíràn tàbí kó wá láti ẹkùn mìíràn. Ìṣirò ìbò ló mú àṣà yẹn wá. Abala 134 ní kí ẹni tó máa wọlé ní ìbò tó pọ̀ jù lọ, kó tún ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ 36 àti Abújá. Ẹgbẹ́ tó ní gómìnà púpọ̀ àti àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ káàkiri lè fi igbákejì di àdéhùn pẹ̀lú ẹkùn kan, torí àwọn gómìnà náà ló máa bá a kó ìbò jọ. Ẹgbẹ́ tí kò ní gómìnà kan ṣoṣo, ta ni ó fẹ́ kó bá a kó o jọ?

Ìtàn wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ní 1979, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí kì í ṣe olùdíje kékeré rárá, mú agbẹjọ́rò Philip Umeadi láti Anambra ní igbákejì. Azikiwe, ọmọ Ìgbò bíi Umeadi, wà nínú ìdíje náà fúnra rẹ̀, Ekwueme, ọmọ Ìgbò náà, sì ni igbákejì Shagari. Àwọn ará ibẹ̀ mọ ẹni tí wọ́n ń bá lọ. Azikiwe kó Anambra àti Imo, ìbò UPN, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, níbẹ̀ kò sì pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ fún Awólọ́wọ̀, pẹ̀lú gbogbo ètò tó ní nílẹ̀, kí ni ká ti wí nípa ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé inú yàrá kan ṣoṣo ní Abújá ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà?

Ti 2011 ló dùn mí jù, torí ilẹ̀ Yorùbá níbí ló ti ṣẹlẹ̀. Nuhu Ribadu díje lábẹ́ ACN, ó sì mú Fọlá Adéọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, ọ̀kan nínú àwọn tó dá GTBank sílẹ̀. Ènìyàn dáadáa ni àwọn méjèèjì, kò sí ìwà àbùkù kan tí mo mọ̀ mọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nìkan ni wọ́n mú ní gbogbo Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Ògùn, ilé igbákejì gan-an, Jonathan ló mú un. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ ACN yìí kan náà gba ipò gómìnà ní Ògùn. Ẹgbẹ́ náà ní ènìyàn níbẹ̀, àmọ́ orúkọ ọmọ ìlú lára tíkẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó láti mú wọn jáde fún ìdìbò Ààrẹ.

Ní 2023, Rabiu Kwankwaso ti NNPP mú Bíṣọ́ọ̀bù Isaac Idahosa láti Ẹdó. Àpapọ̀ ìbò Kwankwaso jẹ́ 1,496,687, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ló sì wá láti Kánò nìkan. Peter Obi ti ẹgbẹ́ Lébà ló mú Ẹdó. Obi náà mú Datti Baba-Ahmed, ọmọ Kàdúná, ìbò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà ló sì ní láìní gómìnà kan tó ń bá a ṣe é. Síbẹ̀ Atiku ló mú Kàdúná. Obi ni àwọn tó dìbò fún ẹgbẹ́ Lébà ń wò.

Mi ò sọ pé kí olùdíje lọ mú ẹni tó ń gbé ládùúgbò rẹ̀ o. Orílẹ̀-èdè tó ti jagun abẹ́lé rí ni wá, ó yẹ kí tíkẹ́ẹ̀tì fi hàn pé ilé gbogbo wa ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹni tó wá láti òkèèrè yẹn jẹ́ ẹni tí àwọn ará òkèèrè mọ̀ fún iṣẹ́ kan, kí ìdí tí olùdíje fi mú un sì lè jáde lẹ́nu rẹ̀ láìdárúkọ ẹ̀sìn tàbí ẹkùn.

Ẹnì kan wà tó ṣe é bó ṣe yẹ. Màláàmù Aminu Kano ni. Ní 1983, Kánò àti Kàdúná ni agbára PRP, ẹgbẹ́ rẹ̀, wà, ẹgbẹ́ náà sì ti pín sí méjì, kò sí ẹni tó retí pé ó lè gba ìjọba lọ́wọ́ NPN, ẹgbẹ́ Shagari. Màláàmù mú obìnrin kan, Bola Ogunbo, ní igbákejì. Ẹ rántí pé ọdún 1976 ni àwọn obìnrin Àríwá ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Bàbá yìí ti ń pariwo ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin àti àwọn tálákà ní Àríwá láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, nígbà tí àyè sì yọ fún un láti yan ẹnì kan ṣoṣo, ó yan ẹni tó bá ohun tó ń wí mu. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, ìdìbò oṣù kẹjọ kò bá a láyé. Mo ṣì ń dárúkọ ìpinnu yẹn fún àwọn ọ̀dọ́ títí di òní. Mélòó nínú àwọn igbákejì tí wọ́n fi ìṣirò yàn lọ́dún náà ni ẹnikẹ́ni ń dárúkọ?

Ọ̀rọ̀ kejì tó wà lọ́kàn mi ni ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé. Ní oṣù kìíní 2019, Arábìnrin Oby Ezekwesili kéde pé òun kò díje mọ́ lábẹ́ ACPN. Alága ẹgbẹ́ náà ni igbákejì rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ẹgbẹ́ náà fi kéde pé Buhari làwọn ń tì lẹ́yìn. Olùdíje 73 ló wà lójú ìwé ìdìbò lọ́dún yẹn, ó sì dá mi lójú pé púpọ̀ nínú wọn ni wọn ò bá igbákejì wọn jókòó rí kí wọ́n jọ sọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ẹgbẹ́ kékeré sábà máa ń fi ipò igbákejì san gbèsè fún alága tó fún olùdíje ní tíkẹ́ẹ̀tì. Olùdíje tó bá gbà bẹ́ẹ̀ ti fi ọ̀bẹ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Nígbà tí a ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ṣáájú ìdìbò 2023, bàbá àgbàlagbà kan ní kí n jókòó. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé mi nípa olùdíje wa, orí rẹ̀ ń mì. Ó wá ní, "Tíṣà, ta ni igbákejì ọkùnrin yìí?" Mo dárúkọ rẹ̀. Ó ní, "Kí ló ti ṣe rí?" Ìpínlẹ̀ tí wọ́n bí ọkùnrin náà sí nìkan ni ẹgbẹ́ kọ sínú ìwé tí wọ́n fún wa. Kò wá sí ìpínlẹ̀ wa rí ní gbogbo àsìkò ìpolongo, kò sọ̀rọ̀ lórí rédíò kankan tí a lè gbọ́, àwòrán rẹ̀ kò sí lára pósítà. Bàbá náà fi pẹ̀lẹ́ dá mi lóhùn pé, "Yar'Adua kú, ẹ ò rántí ni? Ẹni tí ẹ̀ ń pè ní igbákejì yìí ló lè jẹ Ààrẹ lé wa lórí." Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún 2010 ni Yar'Adua kú, Jonathan sì di Ààrẹ. Àmì ẹgbẹ́ àti ìkékúrú orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lójú ìwé ìdìbò wa, kò sí orúkọ olùdíje níbẹ̀. Inú orí ni olùdìbò ti máa gbé orúkọ àwọn méjèèjì wá sí ibùdó.

Ìdí nìyí tí mo fi kórìíra àṣà tó gbòde ní 2022, tí wọ́n ń fi orúkọ ẹnì kan gba àyè sílẹ̀ de ẹni tí wọ́n máa mú gan-an. Tinubu fi Kabir Masari sílẹ̀ kó tó mú Shettima, Obi fi Doyin Okupe sílẹ̀ kó tó mú Datti. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá lè ní ìdí wọn. Ẹgbẹ́ kékeré kò ní owó àti àkókò tó máa fi polongo ènìyàn méjì lẹ́ẹ̀mejì. Kó mú ẹni tó máa mú, kó mú un ní kùtùkùtù, kí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Irú ẹni wo ni? Èmi á mú ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún darí àwọn ènìyàn: olórí ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, tàbí olórí ẹgbẹ́ olùkọ́, tàbí àgbẹ̀ obìnrin tó ti kó àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ tí wọ́n sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ibùdó ìdìbò 176,846 ni INEC ní lọ́dún 2023. Ó ṣòro fún ẹgbẹ́ kékeré láti fi aṣojú sí ìdajì wọn. Igbákejì tó ní ọmọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ mélòó kan lè rí ẹni tó máa jókòó sí ibùdó yẹn, tó máa fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù EC8A tí wọ́n ń kọ èsì ìbò ibùdó sí, tó sì máa gba ẹ̀dà tirẹ̀ lọ sílé. Lẹ́yìn ìdìbò, àwọn yẹn kò ní túká. Olókìkí tí wọ́n yá lò fún oṣù mẹ́ta máa padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀, a ò ní rí i mọ́ títí ọdún mẹ́rin mìíràn.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ní sí yín, Olóòtú, ni pé bí olùdíje ẹgbẹ́ kékeré kan bá wá sí ọ́fíìsì yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ ní kó mú igbákejì rẹ̀ dání. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ dúró síta fún ìgbà díẹ̀. Ẹ bi igbákejì náà pé bí wọ́n bá búra fún un láàárọ̀ ọ̀la nítorí ikú tàbí àìlera Ààrẹ, kí ni yóò kọ́kọ́ ṣe, ta ni yóò sì ké sí? Ẹ tẹ ìdáhùn rẹ̀ jáde bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde, kí ẹ sì fi àwòrán rẹ̀ sí i, kí àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù bíi tiwa lè dá a mọ̀.

Èmi ni,
Tíṣà fẹ̀yìntì, Ọ̀ṣogbo